Ẹ Bi Ará Iṣẹ́ Àtijọ́ Léèrè Iṣẹ́

Ìbéèrè kan wà tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu nígbà tí àwọn tó ti jọ ṣiṣẹ́ rí bá tún pàdé: "Àwọn ọmọ ńkọ́? Ibo ni wọ́n wà báyìí?" Ìkíni ni, kò sí ìkà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí i tó pa àgbàlagbà lẹ́nu mọ́ títí tí gbogbo èèyàn fi tú ká. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà ní Kánádà á dáhùn kíá, á fa fóònù yọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán hàn. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú, ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò bá sọ̀rọ̀ mọ́, ẹni tí kò bí rárá, á ní "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run," á sì máa wo àwo oúnjẹ iwájú rẹ̀. Ìbéèrè kejì kò sàn ju ìyẹn lọ: "Ṣé ẹ ti kó sínú ilé yín?"

Mi ò ní kí á má béèrè àlàáfíà ìdílé ara wa. Ohun tí mo ń sọ ni pé ohun kan wà tí gbogbo àwọn tó jọ ṣiṣẹ́ ní lọ́gbọọgba, tí owó kò fi kún un, tí òṣì kò sì bù kúrò nínú rẹ̀. Ohun náà ni iṣẹ́ tí wọ́n jọ ṣe. Láti ibẹ̀ ni kí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó pẹ́ kí àwa tó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ilé ìtẹ̀wé kan ní Òkè-Àdó, n'Íbàdàn, la ti jọ ṣiṣẹ́. Mo wọ ibẹ̀ ní 1973, ọmọṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn kọ̀ǹpósítọ̀, ìyẹn àwọn tó ń to lẹ́tà òjé lọ́kọ̀ọ̀kan títí tí yóò fi di ojú ìwé. Àwọn tó ń darí ẹ̀rọ wà ní yàrá kejì, àwọn obìnrin tó ń ká ìwé tí wọ́n sì ń rán an wà lẹ́yìn, lábẹ́ páànù, níbi tí oòrùn ti máa ń mú wọn jù. Ilé iṣẹ́ náà kò sí mọ́. Nígbà tí ìjọba gbé SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, dé ní 1986 tí náírà sì já wálẹ̀, pépà, ìńkì àti fíìmù tó ń ti òkè òkun wá di ọ̀wọ́n gógó. A ní ilé iṣẹ́ pépà tiwa ní Jẹ́bà nígbà náà, a sì ní ìrètí nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń ti ibẹ̀ jáde kò tó orílẹ̀-èdè yìí lò. Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà wọlé, ọmọ kan ṣoṣo tó jókòó sídìí rẹ̀ sì ń ṣe iṣẹ́ odidi yàrá wa. Ká tó mọ̀, ẹlòmíràn ti kó lọ sí Ṣómólú l'Ékòó, níbi tí ilé ìtẹ̀wé ti pọ̀ bí ilé oúnjẹ, ẹlòmíràn padà sóko, ẹnì kan wọkọ̀ òfuurufú lọ sí London.

Fún ọdún púpọ̀, ibi ìsìnkú nìkan la ti ń fojú kan ara wa. A ó bọ ara wa lọ́wọ́, a ó ní, "Ẹ má jẹ́ ó máa jẹ́ ibi òkú nìkan o," ọkọ̀ á gbéra, ó di ìgbà tí òkú mìíràn bá tún sùn. Nígbà tí WhatsApp dé, ẹni tó lọ sí London, tó wà ní Peckham níbẹ̀, ló kó wa jọ síbẹ̀. Ó wúlò. Ibẹ̀ la ti ń gbọ́ ẹni tó wà nílé ìwòsàn, ibẹ̀ la ti ń dáwó fún un. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àdúrà àràárọ̀ àti fídíò tí ẹnikẹ́ni kò mọ orísun rẹ̀ fi bo ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tí kò ní fóònù ńlá kò sí níbẹ̀, ẹni tí kò sì sí níbẹ̀, ńṣe la gbàgbé pé òun náà jẹ́ ará wa.

Àwọn kan nínú wa wá ní kí á ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n yan ìgbìmọ̀, wọ́n gba gbọ̀ngán, wọ́n mú aṣọ ẹbí, wọ́n dá iye tí oníkálukú yóò san. Ọjọ́ náà pé, ó sì lẹ́wà lójú, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo gbogbo gbọ̀ngán, àwọn tó rí owó aṣọ san nìkan ni mo rí. Nínú gbogbo àwọn obìnrin ẹ̀yìn, ẹyọ ẹnì kan ló wá, ọmọ rẹ̀ ló sì ra aṣọ fún un. Bọ̀ọ̀dá Máṣíìnì, ẹni tó ń darí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa, kò wá. Ìgbà yẹn gan-an kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ sí í máà wá, kò wá sí ìsìnkú olórí kọ̀ǹpósítọ̀ wa pẹ̀lú, àwọn méjèèjì tó sì jẹ́ pé inú abọ́ kan náà ni wọ́n ti ń jẹun ọ̀sán. Mo gbọ́ pé ó wà l'Ékòó, pé nǹkan kò rọgbọ. Ẹni tó bá pè é lórí fóònù, á ní òun ń bọ̀, kò ní yọjú.

Mo ti wá gbà gbọ́, láìsí iyèméjì, pé aṣọ ẹbí kò yẹ ní ìpàdé ará iṣẹ́ àtijọ́. Ó dára ní ìgbéyàwó. Níbi tí a ti fẹ́ rí ẹni tó ti sọnù, ńṣe ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni náà gan-an tí à ń wá. Nígbà tí a tún fẹ́ pàdé, èmi àti Ọ̀gá Púrúùfù, ẹni tó máa ń ka púrúùfù, ìyẹn ẹ̀dà àyẹ̀wò, láti wá àṣìṣe, ní ká ṣe é ní ọgbà ilé rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni wá pẹ̀lú aṣọ ọrùn rẹ̀, kí á ro àmàlà, kí gbẹ̀gìrì àti ewédú pọ̀, kí á má gbé tábìlì ọlọ́lá sí iwájú, kí á má sì pe ẹni tí yóò máa gbé makirofóònù dání.

Bọ̀ọ̀dá Máṣíìnì ló ku bí a ó ṣe rí. Ọ̀gá Púrúùfù ló ní ká má pè é wá jẹun. "Ẹ bi í ní nǹkan tó jẹ́ òun nìkan ló mọ̀ ọ́n." Mo pè é, mo ní: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, àríyànjiyàn kan wà láàárín wa nípa bí ẹ ṣe máa ń to abẹ́ ẹ̀rọ Heidelberg yẹn kí ẹ tó tẹ̀wé. A ò mọ̀ ọ́n mọ́. Ẹ̀yin lẹ máa là á." Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ta ló ń bá yín jiyàn?" Mo dárúkọ ẹni náà. Ó ní, "Ìyẹn ò lè mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ wo lẹ ní ó jẹ́?"

Ó wọ rélùwéè ní ibùdókọ̀ Mobolaji Johnson ní Yábàá, ó sì sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Mọ́níyà. (Rélùwéè yìí, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní 2021, ti ṣe àwa àgbà lóore. Ó dín ìyà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kù fún ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, ọ̀pọ̀ nínú wa ni kì bá sì tí wá bí kì í bá ṣe tirẹ̀.) Kò tíì jókòó dáadáa tó fi bẹ̀rẹ̀.

Kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yẹn. Lẹ́tà òjé kò dọ́gba. Èyí tó ti pẹ́ nínú kéèsì, àpótí tí a ń kó lẹ́tà sí, ti jẹ, ó ti rẹlẹ̀ ju tuntun lọ ní ìwọ̀n tí ojú lásán kò lè rí. Tí a bá gbé ojú ìwé tí a ti tò sórí ẹ̀rọ, ibì kan á dúdú jù, ibì kan á ṣú bàìbàì. Bọ̀ọ̀dá Máṣíìnì ló máa ń gé pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wẹ́wẹ́, tí yóò lẹ̀ ẹ́ sábẹ́ ibi tí lẹ́tà ti rẹlẹ̀, tí yóò tún tẹ ẹyọ kan wò, tí yóò tún gé, tí yóò tún lẹ̀, títí gbogbo ojú ìwé yóò fi mọ́ lọ́gbọọgba. Iṣẹ́ yẹn lè gba odidi àárọ̀ kí ó tó tẹ ẹ̀dà àkọ́kọ́ tí wọn yóò tà. Ó fi ìka hàn wá bó ṣe máa ń fọwọ́ pa ẹ̀yìn pépà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti mọ ibi tí lẹ́tà ti wọ̀ ọ́n jù. Ó ní etí lòun fi ń mọ̀ bí pépà méjì bá wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, pé ìró ẹ̀rọ á wúwo díẹ̀, ọwọ́ òun á sì ti dé ibi tí wọ́n ti ń pa á kí orí òun tó rò ó.

Etí yẹn náà ni ẹ̀rọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Báyìí, apá òsì rẹ̀ la máa ń jókòó sí kó tó gbọ́ wa. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí wọ́n ní ọ̀rọ̀ kì í jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́ yìí, òun ló sọ̀rọ̀ jù lọ́jọ́ yẹn. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà nínú ilé fi fóònù sílẹ̀, wọ́n wá dúró tì í. Ẹnì kankan kò bi í níbi tó ń gbé.

Ọ̀rọ̀ tiwa náà wá ń tú jáde. A rántí bí a ṣe ń ka lẹ́tà lódì, torí pé orí òjé ni gbogbo rẹ̀ ti dojú kọ ẹ̀yìn, tí b àti d àti p sì máa ń tan ọmọṣẹ́ jẹ títí ojú rẹ̀ yóò fi là. A rántí lẹ́tà tó ní àmì lórí tó tún ní ẹ̀ka nísàlẹ̀, irú bí ẹ́ àti ọ̀, tó máa ń tán nínú kéèsì kí á tó dé ìdajì ìwé. Bó bá ti tán, kò sí ohun tí a lè ṣe ju kí á dúró de ojú ìwé tó wà lórí ẹ̀rọ, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ tán, kí á tú u, kí á tó rí lẹ́tà kó padà sí kéèsì. Ọmọ-ọmọ Ọ̀gá Púrúùfù gbọ́ èyí, ó ní bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú kọ̀ǹpútà: lẹ́tà ẹ lásán ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní, àmì òkè ni wọ́n máa ń gbé lé e lórí lẹ́yìn náà, ìdí nìyẹn tí àmì fi ń fò kúrò láyè lórí àwọn fóònù mìíràn. Inú Ọ̀gá Púrúùfù dùn sí èyí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ó ní òun ti rò pé ìṣòro yẹn ti bá òjé lọ.

A rántí mílíìkì agolo tí wọ́n máa ń fún wa torí òjé. Wọ́n ní ó ń lé oró. Àwọn dókítà kò ka mílíìkì sí oògùn òjé, kí ẹni tó bá ṣì ń fọwọ́ kan òjé níbikíbi lọ fọwọ́ dáadáa kó tó jẹun, kó sì lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

A tún rántí 1974, ọdún tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun. Ẹnì kan lára àwọn oníbàárà wa á gbé ìwé wá, á ti kọ "enia" àti "aiye" àti "nwọn", olùkọ́ tó tẹ̀ lé e á ti kọ "ènìyàn" àti "ayé" àti "wọ́n", lórí tábìlì kan náà, lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀gá Púrúùfù ló ń là wọ́n. Ọmọbìnrin kan á máa ka ìwé tí oníbàárà kọ sókè, á máa pe àmì bó ti ń kà, òkè, ìsàlẹ̀, òun á sì máa fi pẹ́ńsù tẹ̀ lé e lórí púrúùfù. Àánú èdè yìí ń ṣe é títí dòní. Ẹni tó bá kọ Yorùbá láìfi àmì sí i sórí WhatsApp wa, á tún un kọ fún un, pẹ̀lú ìfẹ́.

Ẹ̀gbá ni Ọ̀gá Púrúùfù, ẹ ò sì lè bá Ẹ̀gbá tẹ̀wé kí ẹ má gbọ́ nípa míṣọ́nnárì Henry Townsend. Ó ní ní Abẹ́òkúta ni wọ́n ti gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ kí ibi gbogbo tó mọ̀ ọ́n, pé Ìwé Ìròyìn jáde níbẹ̀ ní 1859. Òótọ́ ni ti ìwé ìròyìn yẹn, kò sí ìwé ìròyìn Yorùbá tó ṣáájú rẹ̀. Ti ẹ̀rọ ni mo máa ń bá a jiyàn lé lórí, torí pé àwọn míṣọ́nnárì ti ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní Calabar láti 1846. Láti ìgbà tí a ti wà lọ́dọ̀ọ́ la ti ń fa èyí, a tún fà á lọ́jọ́ yẹn, ó sì dùn mọ́ wa bíi tàná.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ jù nìyí. Ìtàn kan wà tí àwa ọkùnrin máa ń sọ nígbà gbogbo, ìtàn òru tí a tẹ ìwé orin fún àpéjọ ìjọ kan. Iná lọ, àárọ̀ ọjọ́ kejì sì ni wọ́n ń bọ̀ wá kó o. Bọ̀ọ̀dá Máṣíìnì fi Heidelberg sílẹ̀, ó gbé iṣẹ́ sórí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lábẹ́ àtùpà. Bí a ṣe máa ń sọ ọ́, ìtàn parí síbi tí ẹ̀rọ ti dákẹ́, tí àwa ra búrẹ́dì àti àkàrà, tí a sùn sórí pépà.

Ìyá Aránwèé, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ẹ̀yìn tó ń ká ìwé tó sì ń rán an, gbọ́ ọ títí dé ibẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin sùn?"

Ó ní ìgbà yẹn ni iṣẹ́ tiwọn bẹ̀rẹ̀. Pépà kan tí ó ní ojú ìwé mẹ́rìndínlógún, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n máa ń ká a, ojú ìwé kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ bọ́ sí àyè rẹ̀. Kọ̀ǹpósítọ̀ ló ń to ojú ìwé náà sórí tábìlì irin kó tó dé orí ẹ̀rọ, kìíní lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹrìndínlógún, ìkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkẹẹ̀ẹ́dógún, báyìí báyìí. Ìyá Aránwèé kò dúró kí gbogbo rẹ̀ jáde tán kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ká èyí tó ti gbẹ. Ó ká ẹyọ kan, ó ṣí i, ó rí i pé ojú ìwé méjì ti gbàyè ara wọn. Orin tí kò parí lójú ìwé kan bọ́ sínú orin mìíràn. Ó gbé àtùpà, ó lọ bá Bọ̀ọ̀dá Máṣíìnì nìkan. Ìyẹn dá ẹ̀rọ dúró, ó tú ojú ìwé méjèèjì, ó pààrọ̀ wọn, ó tún un dè, ó sì tún un tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Olórí kọ̀ǹpósítọ̀ wà nínú yàrá tó kángun sí i. Àwọn méjèèjì kò sọ fún un, wọ́n kò sọ fún ọ̀gá àgbà, torí pé olórí náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn tì, wọn kò sì fẹ́ kí irú èyí kángun sí orúkọ rẹ̀.

Gbogbo wa yíjú sí Bọ̀ọ̀dá Máṣíìnì. Ó ní, "Òótọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n mi ni."

Olórí wa ti kú kó tó mọ̀. Èmi kò rò pé wọ́n tú àṣírí rẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí á mọ bí àwọn èèyàn méjì ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó, ohun tí àwọn tó kí oríkì rẹ̀ níbi ìsìnkú kò rí sọ. Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣiṣẹ́ gbẹ̀yìn ni mo ti máa ń kọ́kọ́ wá ìtàn lọ. Ibi yòówù kí ẹ ti ṣiṣẹ́ rí, àwọn kan wà tí iṣẹ́ ń dé ọwọ́ wọn nígbà tí ẹ bá ti lọ sílé: ẹni tó ń gbálẹ̀, ọ̀dẹ, awakọ̀ tó ń gbé ọjà lóru, obìnrin tó ń ta oúnjẹ lẹ́nu géètì. Wọ́n rí ìdajì tí ẹ kò rí. Ìdajì yẹn sì ni wọn kì í pè sí gbọ̀ngán.

A kì í dúró ní ìdákẹ́jẹ́ fún àwọn tó ti lọ mọ́. Bí a bá dárúkọ olóògbé kan, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á sọ nǹkan kan tó máa ń fọwọ́ rẹ̀ ṣe, ó tán. Bí ẹnì kan ṣe máa ń so okùn mọ́ ojú ìwé tí a tò tí kò sì ní tú. Bí ẹnì kan ṣe máa ń fi ẹnu rin okùn kó tó ki í bọ ojú abẹ́rẹ́. Kì í gba àkókò, èèyàn kì í sì í gbàgbé.

Fọ́tò la tún fi ń ṣe nǹkan. Oníkálukú ń mú èyí tó ní wá, a ń kọ orúkọ sẹ́yìn rẹ̀ láti ọwọ́ òsì sí ọ̀tún, pẹ́ńsù la fi ń kọ ọ́ torí pé bírò máa ń là á já. Àwọn kan ti wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò dá mọ̀ mọ́ àfi Ìyá Aránwèé. Ọmọ-ọmọ Ọ̀gá Púrúùfù ń gba ohùn wa sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ oníkálukú, èèyàn méjì sì ní àwọn ò fẹ́, a fi wọ́n sílẹ̀.

Ti owó, a kì í sọ ọ́ ní gbangba. Ẹni tó wà ní Peckham máa ń fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo, ìyẹn sì mọ ẹni tí yóò ra tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè fún. Ẹni tó gbà á kò mọ ẹni mìíràn tó gbà.

Ilé Ìyá Aránwèé ni èyí tó ń bọ̀ yóò ti wáyé, torí pé orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kó lè jáde dáadáa mọ́. Bọ̀ọ̀dá Máṣíìnì ló fúnra rẹ̀ mú ọjọ́. Àríyànjiyàn tuntun sì ti wà nílẹ̀, lórí ìwọ̀n pépà: ó ní pépà Double Crown la fi tẹ ìwé orin yẹn, Ìyá Aránwèé ní Demy ni, òun lòun ká a. Ẹ̀dà kan ṣoṣo la nílò láti fi rúlà wọ̀n ọ́n, a sì ti ń wá a kiri gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì tí a mọ̀.